Ìka Méjì Lábẹ́ Ìyẹ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì ló ti béèrè lọ́wọ́ mi pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun. Bí mo bá dáhùn pé bàálù ni mò ń tọ́ sọ́nà, ojú wọn á là, wọ́n á rò pé pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú bàálù tí mò ń sọ kò tóbi ju ohun tí ènìyàn lè gbá mọ́ra lọ. Láti ilẹ̀ ni a ti ń fi rímóòtù darí rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ó tó fò, kí n rí i pé imú rẹ̀ kò wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ìrù rẹ̀ kò wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹ́ òsì àti ti ọ̀tún sì dọ́gba. Bó bá wá gbéra tán, kí ó máa lọ tààrà kódà bí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá gbé ọwọ́ kúrò lórí rímóòtù.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é ní Accra. N kò ní sọ fún yín pé kò sí iṣẹ́ tó dára tó o, nítorí n kò ṣe òmíràn tí mo lè fi wé e. Èyí tí mo lè sọ láìṣiyèméjì ni pé mo dúpẹ́ pé mo ṣe é. Mo sì lè sọ pé ní ọdún kẹrin tí mo fi ń kọ́ ọ, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ ọ̀gá mi parí nítorí ohun kan tí èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ, àmọ́ kò ní yé yín dáadáa bí n kò bá kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ náà.

Accra ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìgbà tí Ìjọba Olómìnira Kẹrin ti Ghana ṣì wà ní kékeré ni mo kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde. Mo sin ìjọba fún ọdún kan, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ káàkiri, mo sì ń dúró de èsì. Ọjọ́ kan ni ìyá mi rán mi lọ gba àga tó fún káfíńtà kan tún ṣe ní Kokomlemle, kò jìnnà sí oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Circle. Bàbá Sùnmọ́nù ni wọ́n ń pe káfíńtà náà. Ọmọ Yorùbá ni, Accra ni wọ́n bí òun náà sí.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àga ìyá mi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Sùnmọ́nù kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó na ìka atọ́ka rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi gbé bàálù kan lábẹ́ ìyẹ́, ìka kan ní apá òsì, ìka kan ní apá ọ̀tún. Bàálù náà dúró lórí ìka rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí okùn. Ó sún ìka sẹ́yìn díẹ̀, imú bàálù náà sì tẹ̀ wálẹ̀. Ó sún un síwájú, ìrù ló tẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ìṣirò kan wà tí a lè fi mọ ibi tó yẹ kí ìka yín wà."

Kò bínú. Ó na tépù ìwọ̀n sí mi. Mo wọn ìyẹ́ náà, mo ṣe ìṣirò mi sára pákó kan, mo sì fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó bọ́ sí. Ìlà mi àti ibi tí ìka rẹ̀ wà fi bí èékánná kan jìnnà síra.

Mo bi í pé, "Èwo ló wá tọ̀nà?"

Ó ní, "Bàálù ló máa sọ."

Ọjọ́ Sátidé a lọ sí pápá kan lójú ọ̀nà Tema, níbi tí àwọn awakọ̀ òfurufú, àwọn dókítà àti àwọn òyìnbó mélòó kan ti ń fo bàálù wọn. Bàbá Sùnmọ́nù fò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ ó fi òjé díẹ̀ mú un wúwo bí ìka rẹ̀ ṣe wí, nígbà kejì bí ìlà mi ṣe wí. Méjèèjì ló fò. Tirẹ̀ ló fò jẹ́jẹ́ jù lójú mi, àmọ́ afẹ́fẹ́ ti le díẹ̀ nígbà tó kan tèmi, nítorí náà n kò lè búra pé ìka ló borí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wò mí títí, ó ní kí n wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn àti àga ni Bàbá Sùnmọ́nù kọ́kọ́ ń kàn. Awakọ̀ òfurufú kan ló gbé bàálù kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ kán wá bá a pé kí ó bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé kò kán rí, ṣùgbọ́n bàálù náà kọ̀, kò fò. Àtè tó fi lẹ ìyẹ́ kan ti mú kí ó wúwo ju èkejì lọ. Ó dùn ún gan-an pé igi tí òun kàn lè jẹ òun níyà. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀, títí tí iṣẹ́ bàálù fi lé iṣẹ́ ilẹ̀kùn jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó le. N kò mọ̀ bóyá gbogbo líle rẹ̀ ló wúlò, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wúlò. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ha igi, tí mò ń gbé nǹkan sórí òṣùwọ̀n. Ó máa ń gbé ìdè irin, kókó òjé tàbí ègé igi lé mi lọ́wọ́, á ní kí n sọ ìwúwo rẹ̀ kí n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí mo bá ṣì í, kò ní bá mi wí. Á kàn tún gbé òmíràn lé mi lọ́wọ́. Ibi tí ìka ti ń gbé bàálù dúró, ìdodo ni ó ń pè é. Kí á tó wá ìdodo, a gbọ́dọ̀ ti da epo inú bàálù nù, a gbọ́dọ̀ pa fáànù, a gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí òróró má bàa yọ̀ lábẹ́ ìka. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màámà, tó ń tún aṣọ òkìrìkà ṣe ní ọjà Kantamanto, máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti oúnjẹ lọ́wọ́ títí tí bàálù á fi kúrò lórí ìka.

Ọwọ́ àwọn apẹja ni a ti ń ra òjé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n. Imú ni ó sábà máa ń lọ. Bí ìyẹ́ kan bá fúyẹ́, ìṣó kan ní etí rẹ̀ máa ń tó. Nígbà ọyẹ́, aṣọ tí a fi bo ìyẹ́ máa ń sún kì, á sì lọ́ igi inú rẹ̀. Bàálù tó fò tààrà nígbà òjò á wá máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màámà ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù tó móoru díẹ̀ nà án padà. Ó mọ aṣọ ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Àwọn oníbàárà wa kì í ṣe ènìyàn líle, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn ọ̀dà. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan gbé bàálù rẹ̀ wá, ó bínú pé ṣe ló ń gbé imú sókè, tó sì ń ṣubú sẹ́yìn. Ó ti kun ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní àwọ̀ àsíá Ghana.

Bàbá Sùnmọ́nù ní, "A máa ha ìrù yìí."

Ọkùnrin náà ní, "Baba, àsíá orílẹ̀-èdè yìí lẹ fẹ́ ha? Ṣé torí ẹ jẹ́ Alata?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Bàbá ní, "Ghana ò wúwo, ọ̀gá. Ọ̀dà ló wúwo."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. A ha á. Ó fò.

Mo dé ibi tí mo fẹ́ dé báyìí. Ní ẹ̀yìn ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, pákó pẹlẹbẹ kan wà tó ń lọ sókè sódò. Ewé ni Bàbá ń pè é. Bí a bá ti ọ̀pá kékeré orí rímóòtù sí ọ̀tún, ewé ọ̀tún gbọ́dọ̀ gòkè, kí ti òsì sọ̀ kalẹ̀, bàálù á sì yà sí ọ̀tún. Bí ẹ̀rọ kékeré tó ń fa ewé bá kọjú síbi tí kò yẹ, òdìkejì ni yóò máa ṣẹlẹ̀. Nítorí náà kí bàálù kankan tó gbéra, Bàbá á dúró ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i pẹ̀lú rímóòtù, èmi á dúró ti bàálù. Á ti rímóòtù. Ewé tí mo bá rí tó gòkè, mo gbọ́dọ̀ na ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè. Ọ̀tún fún ọ̀tún, òsì fún òsì. Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tó bá jẹ́ àwa méjì nìkan.

Ṣùgbọ́n lórí pápá, àwọn àgbààgbà máa ń dúró lẹ́yìn Bàbá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ṣe rí ní Accra. Ènìyàn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dí tó fi òsì júwe ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ní oṣù kejì mi lórí pápá, mo na ọwọ́ òsì sókè, dókítà àgbàlagbà kan sì ké láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ọmọbìnrin yìí, èmi lo na òsì sí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá mi. Láti ọjọ́ náà, bí ewé òsì bá gòkè, ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń nà kọjá níwájú àyà mi láti fi júwe rẹ̀. Bàbá rí i, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé òun náà gbà pé ó bójú mu bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ la fi ṣe é, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún kẹrin, ọkùnrin ẹ̀yà Gã kan tó ti darí ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sí Tema gbé bàálù kan wá. Kápúténì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún méjì ló fi kan bàálù náà nínú pálọ̀ rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ gùn ju èmi lọ. Kò tíì fò rí, Bàbá ló sì fẹ́ kí ó kọ́kọ́ fò ó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ìdodo rẹ̀. Bátìrì tó ń mú kí ewé rẹ̀ ṣiṣẹ́ wà ní Tema, ó ń gba iná, nítorí náà a fi òjé tó wúwo bíi rẹ̀ dípò. Ìyẹn ni pé orí pápá la ti máa kọ́kọ́ rí i tí ewé rẹ̀ á mira.

Lọ́jọ́ náà, mo dúró ti bàálù, mo kọjú sí Bàbá, oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn mi. Kápúténì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Bàbá ti rímóòtù. Ewé kan gòkè. Mo júwe rẹ̀. Ó tún tì í. Ìkejì gòkè. Mo júwe rẹ̀. Bàbá mi orí pé ó ti tọ́. Kápúténì yí ẹ́ńjìnnì, bàálù náà sì sáré lórí koríko, ó gbéra, ó dára débi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Afẹ́fẹ́ gbé ìyẹ́ ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀. Ó tẹ̀ sí òsì. Bàbá ti rímóòtù sí ọ̀tún kó lè nà padà. Ó tún tẹ̀ sí òsì sí i. Ó tì í dé òpin. Bàálù náà dojú dé, ó sì forí sọlẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Bàbá gbé rímóòtù fún Kápúténì, ó ní, "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni." Kápúténì ń ṣa ìyẹ́ rẹ̀ nínú koríko, ó ń to ègé kọ̀ọ̀kan jọ bí ẹni pé ó ṣì máa wúlò. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín, tòun ti rímóòtù rẹ̀. N kò fẹ́ kí ìyàwó mi rí i báyìí."

Trótró, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, la wọ̀ padà. Bí méètì, ọmọ ọkọ̀ náà, ṣe rí ìrù bàálù tó yọ jáde nínú àpò, ó ké pé, "Alata, adìyẹ yín ti kú o!" Ọjọ́ mìíràn Bàbá á ti dá a lóhùn. Ó kàn wo ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́fà. Bàálù oníbàárà márùn-ún so rọ̀ lájà. Ó ní kí n máa kó wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, kí n sọ fún wọn pé Sùnmọ́nù ti fi bàálù sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, bàálù kan ṣoṣo ló wọlẹ̀."

Ó ní, "Ràfíátù, mo tì í sí ọ̀tún, ó lọ sí òsì. Ọwọ́ tí kò bá mọ ọ̀tún mọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ó dà bíi pé ó gbà á lóòótọ́ pé òun ló gbàgbé. Èmi kò gbà. Kì í ṣe pé mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kàn rí i pé kò tíì sí ẹni tó yẹ òkú bàálù náà wò. Dípò kí n kó bàálù márùn-ún náà jáde, mo tú àpò yẹn sórí tábìlì. Ẹ̀rọ tó ń fa ewé kò bàjẹ́. Mo so bátìrì mọ́ ọn, mo ti rímóòtù sí ọ̀tún. Ewé ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀.

Mo tún tì í. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìforísọlẹ̀ kò lè sọ ọ̀tún di òsì. Láti orí ilẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀, Kápúténì ló kan ẹ̀rọ náà ní òdì. Ọwọ́ Bàbá kò jẹ̀bi. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó kù dé: a yẹ̀ ẹ́ wò lórí pápá, báwo ló ṣe kọjá lójú wa?

Mo rò ó báyìí. Bàbá mọ ibi tí òun ti rímóòtù sí, kò lè rí ewé láti ọ̀nà jíjìn. Èmi rí ewé, n kò lè rí ibi tó ti rímóòtù sí. Ọwọ́ mi nìkan ló so ohun tí àwa méjèèjì mọ̀ pọ̀. Mo pe Màámà. Mo ní kí ó fi ìborùn tín-ínrín bo ojú, torí ojú Bàbá kò lè mú bíi tọmọdé mọ́, kí ó lọ dúró sẹ́nu géètì, kí oòrùn kọjú sí i. Mo júwe ọ̀tún, mo júwe òsì, bí mo ṣe máa ń ṣe lórí pápá.

Mo ké pé, "Màámà, èwo ni mo júwe?"

Ó ní, "Mo rí i pé o gbé ọwọ́. Ṣé ó tún ní èwo ni?"

Mo jókòó sórí igi. Ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ó sún mọ́ mi, ó wá rọra sọ pé, "Ràfí, bí Bàbá ṣe máa ń ríran nìyẹn. Ó ti tó ọdún kan. Ó ní tí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ ti wá di méjì. Bí mo bá dákẹ́, Bàbá á máa kan ilẹ̀kùn títí ayé, á sì máa rò pé òun gbọ̀jẹ̀gẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo pápá á mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ba bàálù jẹ́, ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sì lè jáde. N kò lè sọ fún yín pé ó rọrùn. Ọjọ́ méjì kọjá kí n tó ránṣẹ́ sí Kápúténì pé kí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú òun àti Bàbá, àyàfi ọ̀rọ̀ ojú. Mo fi hàn wọ́n bí ewé ṣe ń lọ. Mo dúró níbi tí mo ti dúró, mo fi ọwọ́ ọ̀tún júwe òsì. Mo ní, "Bàbá ò ṣe àṣìṣe. Èmi ni mi ò na òsì."

Kápúténì wò mí. "Kí ló dé tí o kò nà án?"

"Torí pé ẹ wà níbẹ̀, ọ̀gá."

Ó yíjú sí òkú bàálù rẹ̀. "Ọdún méjì," ló wí. "Ìwà ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ló pa bàálù mi?" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín tí ó ń na ọwọ́ mú tábìlì. Ó ní òun náà jẹ̀bi, òun ló kan ẹ̀rọ ní òdì. Ó ní nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tí a bá fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu tún un sọ kó tó ṣe é, nítorí pé ọwọ́ àti ojú máa ń parọ́ nínú kùrukùru.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń nu ayùn tí kò dọ̀tí. Ìgbà tó yá ló sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fúnra mi. Ká ní ojú mi dá, ǹ bá ti rí ọwọ́ rẹ̀. Mi ò ríran dáadáa mọ́, Kápúténì. Mo sì mọ̀ kí n tó fò ó."

Màámà bú sẹ́kún níbi tó wà. N kò mọ̀ pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Mo rò pé Kápúténì á bínú nígbà yẹn. Ohun tó béèrè ni pé, "Ta ló ti bá yín wo ojú náà?" Bàbá ní kò sẹ́ni. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà á. Kápúténì ní wọ́n ti ṣe ojú òun méjèèjì, ó sì ní kí Bàbá sún mọ́ òun kó wá wò ó. Àwọn àgbàlagbà méjì náà dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, wọ́n ń wo ojú ara wọn bí ẹni ń yẹ igi wò bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún Bàbá kí oṣù méjì tó pé, ti òsì tẹ̀ lé e. Ní gbogbo àkókò náà, Kápúténì ń wá láti Tema, àwa méjì ń tún bàálù kàn. Nígbà tí ó padà dé orí pápá, Bàbá pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ jọ, ó ní, "Lórí koríko yìí, ẹni tí ọmọ iṣẹ́ mi bá na òsì sí, bàálù rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ẹni tó bá rò pé èébú ni, kó gbé tirẹ̀ lọ sí ibòmíràn." Kò sẹ́ni tó lọ. A kò dúró kọjú síra mọ́. Èmi àti òun dúró sẹ́yìn bàálù, kí ọ̀tún mi lè jẹ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ó ké pé, "Ọ̀tún!"

Mo na ọwọ́, mo sì dáhùn pé, "Ọ̀tún gòkè, Bàbá!"

"Òsì!"

"Òsì gòkè!"

Bàálù Kápúténì gbéra. Nígbà tó ga tó, Bàbá gbé àtàǹpàkò méjèèjì kúrò lórí rímóòtù, bàálù náà sì ń lọ tààrà sí ọ̀nà òkun. Kápúténì bọ́ fìlà. Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá fi fo bàálù sí i lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo sì gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí bàálù Kápúténì fò. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọpẹ́ tí mo ní fún ìyẹn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo lọ, mọ́tò oníbátìrì dé. Igi fúyẹ́fúyẹ́ lọ, fóòmù dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀yà ara tí a kì í rí tẹ́lẹ̀ rà ní Circle. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wá dé tó ń tọ́ bàálù sọ́nà fúnra rẹ̀ lójú òfurufú. Àwọn kan ní iṣẹ́ wa ti parí. Ní tèmi, mo rí i pé ẹ̀rọ náà máa ń bo àṣìṣe ìdodo mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi le, ìgbà náà ni bàálù á wá ṣubú láìsí ìkìlọ̀. Nítorí náà mo máa ń pa á kí n tó tọ́ bàálù. Lẹ́yìn tí Bàbá ṣaláìsí, iléeṣẹ́ kan tó ń fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn tó ń la ojú ọ̀nà gbà mí, mo sì kọ́ ọmọ mẹ́rin níbẹ̀. Ìwé mi wúlò níbẹ̀ gan-an. Ìka mi náà wúlò.

Ọdún tó kọjá, mo gbé bàálù tuntun kan sórí ìka, mo ní ó dọ́gba. Ama, tó pẹ́ jù nínú àwọn tí mo kọ́, gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó ní ìrù wúwo. Mo tún un gbé. Ìka mi ní ó dọ́gba. Òṣùwọ̀n ní ìrù wúwo. Mo fi nǹkan tí mo mọ ìwúwo rẹ̀ dán òṣùwọ̀n wò, òótọ́ ló ń sọ. Ìka mi ti ń kú tipiri láti ìgbà ọyẹ́. Mo ti rò pé òtútù ni.

Ama ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fi sílẹ̀, èmi á fi òjé sí i. Kò sẹ́ni tó rí i."

Mo ní, "Pe àwọn yòókù wá."

Mo sọ ọ́ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀, kí bàálù kankan tó wọlẹ̀ nítorí mi: ìka mi kò mọ ìdodo mọ́, láti òní lọ ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Ama kò sunkún, ó lọ fọ ọwọ́. Ó pa fáànù, ó gbé bàálù náà sórí ìka tirẹ̀, a sì dákẹ́ fún un. Ó fi òjé kékeré kan sí imú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fò ó. Ó kọjá lórí wa, ó ń lọ tààrà, kò sì sí ibì kankan lára rẹ̀ tí mo fọwọ́ tọ́.